Ẹ Bi Wá Léèrè Mọ́tò: Big Daddy ni àbí Muscle?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ọmọ mẹ́ta la bí, ìbejì ni méjì nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń lọ Ìbàdàn lọ́sẹ̀, àlọ àtàbọ̀, ọkọ̀ èrò sì ti sú mi. Àjọ tí mo ń dá ti kàn mí, mo wá rí Camry méjì. Big Daddy 2005 ni àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ ni, ọ̀dà ẹ̀ ti ṣá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìjókòó ẹ̀yìn ya díẹ̀. Ìkejì jẹ́ Muscle 2008, ẹnì kan ti ń lò ó ní Nàìjíríà láti bí ọdún mẹ́fà, ó mọ́ tónítóní, AC ẹ̀ tutù bíi fíríìjì. Iye kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìyàwó mi ní Muscle lòun fẹ́, mẹkáníìkì mi ní Big Daddy, àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀ kí n lọ ra Corolla. Orí mi ti dàrú, ẹ gbà mí o.
Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí Ìyá Ìbejì, ẹ ní mo ní ojú wọn ríran, torí Muscle rẹwà ju Big Daddy lọ, ìyẹn ò la àríyànjiyàn lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, tó sì jẹ́ owó kan náà, Big Daddy ni mo máa gbé lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló fà á.

Àwọn méjèèjì, tó bá ti jẹ́ oní-pọ́lọ́ọ̀gù mẹ́rin, ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú wọn, 2.4 tí Toyota ń pè ní 2AZ-FE. Big Daddy lò ó láti 2002 dé 2006, Muscle wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2007, ó lò ó dé 2009. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnì Muscle lágbára jù ú lọ fíìfíì, ẹ kàn máa wo ẹnu ẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni inú lọ́hùn-ún, níbi písítìnì. Písítìnì kọ̀ọ̀kan ní ríìngì, ti ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbá ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, àwọn ihò wẹ́wẹ́ sì wà lára písítìnì yẹn tí ọ́ìlì ń gbà ṣàn padà sísàlẹ̀. Nínú àwọn Muscle 2007 sí 2009 yìí, èédú máa ń dí àwọn ihò yẹn, ríìngì á lẹ̀ típẹ́, kò ní lè gbá nǹkan kan mọ́, ni ọ́ìlì á bá máa gòkè lọ síbi tí epo ti ń jó, tí àwọn méjèèjì á jọ máa jóná. Ọkọ̀ lè má jò sílẹ̀ o, ilẹ̀ ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí á gbẹ fúrúfúrú, síbẹ̀ ọ́ìlì ń lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́ igi mẹkáníìkì lèyí. Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń pààrọ̀ písítìnì àti ríìngì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá ń jẹ ju kúọ́ọ̀tì kan lọ ní máìlì 1,200, ìyẹn ká sọ pé bíi lítà kan ní kìlómítà 1,900. Ètò yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, kò sì fìgbà kan dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ yín ṣírò ẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó kìlómítà 100, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àlọ àtàbọ̀, 400 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ò ní pé tí lítà kan fi máa lọ, lára ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn o, mi ò tíì sọ èyí tó ti wọ̀ lára. Ẹ́ńjìnì yìí ò sì gbà ju bíi lítà mẹ́rin lọ. Tẹ́ ẹ bá wá ní ẹ fẹ́ dúró dé 5,000 kìlómítà kẹ́ ẹ tó ṣe sáfíìsì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, lítà méjì ààbọ̀ ti jóná, ó lé ní ìdajì ọ́ìlì inú ẹ̀ tó ti lọ, kò sì sí iná pupa kankan tó máa tàn láti kìlọ̀ fún yín, torí iná ọ́ìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, ìgbà tí ọ́ìlì ò bá lágbára mọ́ nínú páìpù ló ń tàn, ìgbà tó bá sì fi máa tàn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, àárín igbó lẹ wà yẹn, lálẹ́, pẹ̀lú àwọn ìbejì lẹ́yìn ọkọ̀.

Kì í ṣe gbogbo Muscle ló ń jẹ ọ́ìlì o, kẹ́nikẹ́ni má lọ sọ pé mo bú ọkọ̀ òun. Àwọn kan wà tí olówó wọn ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọn ò jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, òmíì sì wà tí wọ́n ti tú tí wọ́n ti fi písítìnì tuntun sí. Ẹ̀yin lẹ máa fi ojú ara yín wádìí ẹ̀.

Ẹ má pe ẹni tó fẹ́ tà á tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹ débẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ fọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ lọ́la. Tó bá tutù, ẹ yọ géèjì ọ́ìlì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún un yọ, ẹ wo ibi tó dé kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ pa á. Kí ẹnì kan wá dúró sídìí sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹlòmíì bá ń sítáàtì ọkọ̀. Èéfín funfun fẹ́lẹ́ tó pòórá kíá, omi òwúrọ̀ lásán nìyẹn. Èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù, tó ń rùn bí ọ́ìlì jíjó, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ ki ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà yẹn kó tó gbóná: èédú gbígbẹ ò burú, èyí tó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òrí, ọ́ìlì ni. Lẹ́yìn náà ẹ wà á fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti dé ìsàlẹ̀ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn bojú wẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì tó bá ń jẹ ọ́ìlì kì í lè pa á mọ́ra níbẹ̀. Tí olówó ẹ̀ bá sì jẹ́ èèyàn dáadáa, á jẹ́ kí mẹkáníìkì yín tú pọ́lọ́ọ̀gù wò: tí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gù bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn ni pé mo ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Lọ́dún kan mo lọ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá kan (kì í ṣe Camry, kì í ṣe Toyota rárá), ó ti tó aago mọ́kànlá kí n tó débẹ̀, ẹ́ńjìnì ti gbóná kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ra búrẹ́dì ni. Mo yọ géèjì, ọ́ìlì kún dé àmì òkè, ó nípọn bí oyin, mo ní háà, bàbá yìí mà tọ́jú ọkọ̀ o! Mo sanwó. Lọ́sẹ̀ kẹta mo gbé e lọ ṣe sáfíìsì, mẹkáníìkì tú ọ́ìlì yẹn sínú ọpọ́n, ó fi ìka méjì pa á, ó wò mí lójú, kò sọ̀rọ̀. Ọ́ìlì 40 tí wọ́n ń dà sí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n rọ kún un kó má bàa fín. Bá a ṣe da èyí tó tọ́ sí i báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú bí ẹni tó ń yan ẹja. Bàbá yẹn ò gbé fóònù mi mọ́ títí dòní.

Ó yá, Big Daddy náà ní tiẹ̀, mi ò ní tan yín. Alúmíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì yẹn. Àwọn bóólùtù gígùn tó de orí ẹ́ńjìnì mọ́ búlọ́ọ̀kù, pàápàá àwọn tó wà lápá ẹ̀yìn, tírẹ́ẹ̀dì wọn máa ń jẹ nínú alúmíníọ̀mù yẹn, bóólùtù ò ní di nǹkan kan mú mọ́, omi rẹdíétọ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ láti ara gáskẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ á wá máa gbóná. Lọ́dọ̀ wa níbí a tún ń kún un lọ́wọ́, a ò ní ra kúláǹtì, omi kànga la máa dà sí i, tí ọkọ̀ bá sì ti gbóná lẹ́ẹ̀kan mẹkáníìkì á ní kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi rẹdíétọ̀ tó sì ń tì í) dànù, bí ẹni pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fi sí i. Tẹ́ ẹ bá ń ra Big Daddy, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ tàn án sẹ́yìn ẹ́ńjìnì, láàárín ẹ́ńjìnì àti ògiri tó kọjú sí awakọ̀, ẹ wò bóyá ipa omi gbígbẹ wà níbẹ̀, funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ ṣí rẹdíétọ̀ nígbà tó bá tutù, kò gbọdọ̀ dà bí omi ẹ̀gúsí. Kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú AC, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bó ṣe gbóná tó ò gbọdọ̀ kọjá àárín.

Kí ló dé tí mo ṣì wá yàn án? Torí àìsàn tiẹ̀ máa ń fojú hàn. Omi á jò, abẹ́rẹ́ á gòkè, ẹ ó dúró. Ó sì ṣeé wò: ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á gbẹ́ ihò yẹn, á fi tírẹ́ẹ̀dì irin sínú ẹ̀, ó parí. (Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ ó tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀.) Ti Muscle yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú gbogbo ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ríìngì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tiẹ̀ tú u, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ra ẹ́ńjìnì Bẹ́ljíọ̀mù (àlòkù tó ti òkè òkun dé), ẹ ó kówó lọ ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Ararọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ ó gbé òmíràn dé, àṣé òun náà ń jẹ ọ́ìlì níbi tó ti ń bọ̀. Mo mọ ẹni tó ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi epo tàn yín. Ọkọ̀ méjèèjì, lítà kan lè gbé wọn lọ bíi kìlómítà 10, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó nǹkan, táńkì àwọn méjèèjì gba lítà 70. Ìrìn yín máa gba bíi lítà 40 lọ́sẹ̀, ẹ fi iye tẹ́ ẹ ń ra epo báyìí sọ ọ́ di owó, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá yín lójijì. Ti jíà náà, àwọn Big Daddy oní-pọ́lọ́ọ̀gù mẹ́rin tó jẹ́ 2004 sísàlẹ̀, jíà mẹ́rin ni, láti 2005 ló ti di márùn-ún bíi ti Muscle, torí náà tó bá jẹ́ 2005 lóòótọ́ lẹ rí, ẹ ò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní tó bá jẹ́ 2005 lóòótọ́, torí àwọn tó ń ta mọ́tò mọ iná pààrọ̀. Wọ́n á fi iná iwájú àti ti ẹ̀yìn 2005 sára 2003, ó di 2005 nìyẹn. Nọ́ńbà ṣáàsì lẹ máa wò, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ kà á dé ìkẹwàá. Tó bá jẹ́ 3, 2003 ni, 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Tó bá fi 4T1 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, tó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Japan ni. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè níbi táyà sípéà, tẹ́ ẹ bá rí ẹrẹ̀ gbígbẹ tàbí ìpẹtà nídìí ìjókòó, ọkọ̀ yẹn ti mu omi, ẹ sá.

Ìwé ńkọ́? Tòkunbọ̀ ni, ẹ bi wọ́n ibi tó gbà wọlé. Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ojú òkun nìkan ló kù, nítorí náà tẹ́ni tó ń tà á bá ń ṣe "ó gba Kútọnu, kò sí wàhálà", wàhálà wà. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá yín dúró lójú ọ̀nà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lẹ máa sọ tẹnu yín. Ẹ gba ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ̀ wé ti ara ọkọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ Muscle 2010 tàbí 2011 lẹ rí ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá yí padà, torí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnì yẹn kúrò níbẹ̀, 2.5 ni wọ́n fi sí i pẹ̀lú jíà mẹ́fà, Ìyá Ìbejì ì bá sì ti jàre. Ṣùgbọ́n owó tiẹ̀ ò lè jẹ́ iye kan náà. Tí wọ́n bá sì ń fi dáṣíbọ́ọ̀dù Muscle ṣe yànga, ẹ bá mi sọ fún wọn pé òun náà máa ń rọ̀ nínú oòrùn, á máa dán, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè.

Corolla tí àbúrò yín wí, ọkọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta, tí wọ́n ń dàgbà, lẹ́yìn Corolla, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn? Ẹ ní kí òun kọ́kọ́ wá jókòó síbẹ̀ ná.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ra Camry fún òwò aṣọ mi, mo rí i pé V6 (oní-pọ́lọ́ọ̀gù mẹ́fà) dín ní owó ju oní-pọ́lọ́ọ̀gù mẹ́rin lọ, Big Daddy àti Muscle méjèèjì. Kí ló fà á, ṣé kí n rà á?
Ìyá Aláṣọ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà. Epo ló fà á. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní V6 ló ń wá bóun ṣe máa gbé e sílẹ̀. Agbára ẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, Muscle V6 ní agbára ẹṣin 268, oní-pọ́lọ́ọ̀gù mẹ́rin ní 158, ṣùgbọ́n aṣọ lẹ fẹ́ kó, kì í ṣe bíríkì.

Tó bá jẹ́ Big Daddy V6 3.0 lẹ rí, bẹ́líìtì ló ń mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ẹ̀ yí pa pọ̀, kì í ṣe ṣéènì, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ní gbogbo máìlì 90,000, bíi kìlómítà 145,000. Ẹ bi olówó ẹ̀ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn, tó bá ń wo òkè, ẹ yọ owó bẹ́líìtì àti ti wọ́tà pọ́ńpù kúrò nínú iye tó pè é kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn. Muscle V6 3.5 ń lo ṣéènì, kò sì sí àìsàn ọ́ìlì tí mo sọ lókè yẹn lára ẹ̀, àmọ́ ó ní páìpù ọ́ìlì kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe apá kan ẹ̀, rọ́bà yẹn máa ń bẹ́, tó bá sì bẹ́ lójú ọ̀nà, gbogbo ọ́ìlì á dà sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Onírin gbogbo lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra ọkọ̀ gan-an, kẹ́ ẹ tó fi í gun ọ̀nà Ṣàgámù.

ÌBÉÈRÈ

Mo wà ní Houston. Mo fẹ́ fi Camry 2009 tí mò ń lò ránṣẹ́ sí bàbá mi n'Íjẹ̀bú-Òde, oní-pọ́lọ́ọ̀gù mẹ́rin ni. Kí ni mo lè ṣe sí i kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi?
Ọmọ Ìjẹ̀bú

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àánú bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wà á lẹ mọ̀ bóyá ó ń jẹ ọ́ìlì, ẹ má purọ́ fún bàbá yín o. Ẹ kún ọ́ìlì dé àmì òkè lónìí, ẹ kọ iye máìlì sílẹ̀, ẹ wà á dé 1,200 láìfi kún un, kẹ́ ẹ tún yọ géèjì wò. Tó bá ti lọ tó kúọ́ọ̀tì kan, ẹ tà á síbẹ̀ kẹ́ ẹ fowó ẹ̀ kún òmíràn.

Tó bá yege, ẹ lọ sórí nhtsa.gov, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáàsì ẹ̀ síbẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ó máa sọ àtúnṣe tí Toyota jẹ yín tẹ́ ẹ ò tíì lọ gbà. Ti pẹ́dàlì ẹsẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ti kéde, January 2010 nìyẹn, ti bọ́tìnnì tó ń gbé gíláàsì fèrèsé lápá awakọ̀ náà wà lára wọn, 2012 nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n á ṣe é lọ́hùn-ún, n'Íjẹ̀bú-Òde bàbá ló máa sanwó ẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ kúláǹtì, ẹ ra fílítà mẹ́rin márùn-ún sí i. Kẹ́ ẹ wá ṣe kọ́kọ́rọ́ kejì sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ oní-ṣíìpù, torí wàhálà ẹ̀ pọ̀ níbí. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sínú ọkọ̀ o, ẹ fún ẹni tó bá ń bọ̀ wálé lọ́wọ́, nǹkan tí wọ́n bá fi sínú mọ́tò láti ọ̀hún kì í sábà bá mọ́tò dé ilé.